Owó Oníhò Ilẹ̀ Jàpáánì: Ìwọ̀n Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá ra ìdì owó àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú kan ló máa pọ̀ jù nínú ohun tó bá gbà: owó róbótó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mílímítà 23 sí 25, ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin yí ihò náà ká. 寛永通寳 ni wọ́n kọ síbẹ̀, Kan'ei Tsūhō. Láti 1636 ni ìjọba ti ń dà á, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí ó fi lé ní 200 ọdún, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè wá èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni. Ara owó yìí ni èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ìyókù.

Kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, tó lè fi ìdá gíráàmù hàn. Ìjọba lè kọ iye tó bá wù ú sára owó. Iye bàbà tó fi síbẹ̀ ni ọjà ń wò, ìtàn owó ilẹ̀ Jàpáánì látìbẹ̀rẹ̀ dópin sì dá lórí bí nǹkan méjèèjì yìí ṣe ń bára wọn fà á. Owó Kan'ei tó jẹ́ ojúlówó ní 1636, mon 1 ni iye rẹ̀ (mon ni wọ́n fi ń ka owó bàbà nígbà náà), monme 1 sì ni ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ìyẹn gíráàmù 3.75. Orúkọ ìwọ̀n yẹn gan-an, ara owó ni wọ́n ti yọ ọ́, nítorí ìwúwo owó mon kan ni. Àwọn tó ń ṣòwò píálì ṣì ń fi monme wọn ọjà wọn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n fi dà á náà nìyí. Àdàlú bàbà méjì ni a ó bá pàdé. Idẹ ni àwa ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n níbí ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbà tí wọ́n fi tánńganran àti òjé lú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn owó yìí. Ó máa ń pọ́n dúdú. Bàbà tí wọ́n fi síńkì lú, tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi kọ́kọ́rọ́ tuntun, ni ti owó mon 4 tí a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Tánńganran ń jẹ́ kí bàbà tètè yọ́, ó sì ń mú un le. Òjé ń jẹ́ kó ṣàn dáadáa wọ inú ojú ìdà, ó sì pọ́ọ́kú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ìjọba tí bàbà bá wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa bu òjé kún un. Owó tí òjé bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rọ̀, ó ń ṣú bí eérú, lẹ́tà rẹ̀ á sì wú pọ̀ títí wọn ò fi ní ṣeé kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ìjọba àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 708, wọ́n gbé bàbà wá fún Ọbabìnrin Genmei láti Chichibu ní ẹkùn Musashi. Inú ààfin dùn débi pé wọ́n yí orúkọ sáà padà sí Wadō nítorí bàbà náà, wọ́n sì da owó Wadō Kaichin, 和同開珎, wọ́n wo owó Kaiyuan Tongbao ti ìjọba Tang ní Ṣáínà, tó jáde ní 621, bí àwòkọ́ṣe. (Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí yàtọ̀ ní kíkà: láti òkè ni, a ó yí lọ sí ọ̀tún, ìsàlẹ̀, ká tó dé òsì. Kan'ei ní tirẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì ni.) Fún ìgbà pípẹ́, Wadō yìí ni wọ́n ń pè ní owó àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1999 ni wọ́n kéde pé àwọn tó ń walẹ̀ ní Asuka-ike, ní Nara, ti rí owó Fuhonsen, èyí tó ti wà láti ìparí ọ̀rúndún keje. Ántímónì ni wọ́n lú mọ́ bàbà ti Fuhonsen, kì í ṣe tánńganran.

Ìjọba fi Wadō sanwó fún àwọn tó ń kọ́ olú-ìlú tuntun ní Nara, àmọ́ ìrẹsì àti aṣọ ni àwọn ará oko mọ̀ ní owó. Nítorí náà ní 711 ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá fi owó náà jọ tó iye kan, tó sì gbé e wá, yóò gba òkè sí i nínú ipò oyè. Ẹ wo àbùkù tó wà nínú rẹ̀: òfin tó yẹ kó jẹ́ kí owó máa rìn, òun ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ sínú ìkòkò.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá dé ní 760. Ìjọba gbé Mannen Tsūhō jáde, wọ́n ní ẹyọ 1 rẹ̀ tó 10 Wadō, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọjà ò gbà á bẹ́ẹ̀; iye ọjà ló lọ sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún 200 ọdún. Owó 12 ni wọ́n gbé jáde láti 708 sí 958, bí ìkan bá sì ti ń dé, lọ́pọ̀ ìgbà ìjọba á ní ó tó 10 èyí tó ṣáájú rẹ̀. Wadō fẹ̀ tó mílímítà 24. Àwọn tó kẹ́yìn kò ju bíi 19 lọ. Kengen Taihō ti 958 ló parí wọn, òjé pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé lára ọ̀pọ̀ rẹ̀ èèyàn á máa méfò lẹ́tà ni. Àwọn èèyàn padà sídìí ìrẹsì àti aṣọ. Ó lé ní 600 ọdún kí ìjọba tó tún da owó bàbà tó kárí ilẹ̀ náà.

Láàárín ìgbà yẹn, owó Ṣáínà ni wọ́n ń ná. Ẹni tó bá ní owó àtijọ́ tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Jàpáánì lọ́wọ́, kí ó má yà á lẹ́nu bó bá jẹ́ orúkọ ọba ìlà Song ló wà lára rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń kó o gba èbúté Hakata wọlé. Ní 1179, nígbà tí àìsàn kan ń jà, àwọn èèyàn sọ ọ́ lórúkọ “àìsàn owó”, nítorí pé owó ilẹ̀ òkèèrè yìí ti gba ìgboro. Ọkọ̀ kan tó kúrò ní Ṣáínà ní 1323, tó ń lọ sí Jàpáánì, rì sétí òkun Kòríà ní Sinan. Nígbà tí wọ́n wú u jáde láti 1976, owó inú rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 28. Ní Shinori, ní Hakodate ní ìhà àríwá, ìkòkò ńlá 3 ni wọ́n hú ní 1968, owó tó wà nínú wọn lé ní 370,000.

Owó tó ń wọlé kò tó, nítorí náà àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó da owó. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ohun tó máa wúlò fún ẹ̀yin tó ń rà lónìí wà níbẹ̀. Idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù, ó máa ń dín tó ìdá 1 sí 2 nínú 100. Tí èèyàn bá mú owó tó fẹ̀ tó mílímítà 25, tó tẹ̀ ẹ́ sínú iyanrìn, tó sì da òmíràn, èyí tó máa jáde kò ní tó 25. Tí ẹlòmíràn bá tún fi ọmọ yẹn dà, ọmọ-ọmọ náà á tún kéré sí i, lẹ́tà rẹ̀ á nípọn, igun rẹ̀ á sì kú. Bitasen ni wọ́n ń pe irú owó burúkú bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà á máa ṣa owó lójú oníbàárà, á gba ti dáadáa, á da bita padà, ìjà á sì bẹ́. Ìjọba ìgbà náà ṣe òfin léraléra nípa iye bita tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gbà nínú 100. Títí di òní, ẹni tó bá ń bínú ní Jàpáánì lè sọ pé òun ò ní san bita mon kan.

Owó tó bá kéré ju ojúlówó lọ ní ìdajì mílímítà, tí lẹ́tà rẹ̀ sì dà bíi pé wọ́n fi epo pa á, ẹ fura sí i. Ọmọ owó míì ni.

Àwọn tó ń da Kan'ei mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ látorí owó ìyá. Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹyọ kan lọ́wọ́, tó fẹ̀ díẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ. Òun ni wọ́n á fi da àwọn owó ìyá, wọ́n á fi ọ̀bẹ tún lẹ́tà wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki iyanrìn kíkúnná sínú férémù pákó, wọ́n á tẹ àwọn ìyá náà mọ́ ọn ní ìlà, wọ́n á wọ́n lúúlú èédú sí i kó má baà lẹ̀, wọ́n á wá fi férémù kejì bò ó. Tí wọ́n bá yà wọ́n, tí wọ́n sì yọ ìyá kúrò, wọ́n á la ojú ọ̀nà kan sáàárín tí idẹ yíyọ́ á gbà, pẹ̀lú ẹ̀ka lọ sọ́dọ̀ ojú owó kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa jáde dà bí igi tó so èso, owó ní ọ̀tún, owó ní òsì. Wọ́n á ṣẹ́ wọn kúrò lára ẹ̀ka, wọ́n á ki ọ̀pá onígun mẹ́rin bọ ihò wọn, wọ́n á sì fi fáìlì ha etí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yìí ni ihò onígun mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, torí bó bá jẹ́ róbótó ni, owó á máa yí lórí ọ̀pá, fáìlì ò sì ní mú un.

Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ yìí, àléébù ara owó á máa bá yín sọ̀rọ̀. Etí ẹ̀yìn tó nípọn lápá kan tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì, férémù méjèèjì ló yẹ̀. Kókó tó yọ láàárín lẹ́tà, iyanrìn ló já níbẹ̀. Ihò wínníwínní, ọ̀rinrin ló wà nínú iyanrìn, ooru wá sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Apá tí idẹ ò dé, ó ti tutù kó tó débẹ̀ ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ owó di ayédèrú. Èmi a máa fẹ́ràn wọn ju èyí tó dán lọ.

Oníṣòwò kan ní Mito ló kọ́kọ́ da Kan'ei ní 1626, kí ìjọba àwọn shōgun (olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà) ti ìdílé Tokugawa tó gbà á ní 1636, tí wọ́n ń dà á ní Edo (Tokyo òde òní) àti Sakamoto ní Ōmi, lẹ́yìn náà ní Sendai, Okayama, Hagi àtàwọn ìlú míì. Àwọn tó jáde títí di 1659 ni wọ́n ń pè ní Kan'ei àtijọ́. Láti 1668 ni Kan'ei tuntun. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ wo lẹ́tà apá òsì, 寳, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ méjì tó gbé e dúró nísàlẹ̀. Lára ti àtijọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì so pọ̀ lókè, bíi ス. Lára ti tuntun, wọ́n yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, bíi ハ. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá ti tó fún un. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Bí 文 bá wà lókè ihò lẹ́yìn, Kameido ní Edo ni wọ́n ti dà á láti 1668. Ojúlówó bàbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ sọ pé ara ère Búdà ńlá ti Hōkō-ji ní Kyoto ni wọ́n yọ́ fún un. 佐 dúró fún erékùṣù Sado, 足 fún ibi ìwakùsà bàbà ní Ashio, 元 fún Osaka, 長 fún Nagasaki. Bí òòfà bá fà á, irin ni, kò ṣáájú 1739. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ti bàbà, ìpatà pupa rẹ̀ á ràn wọ́n.

Wọ́n máa ń fi okùn koríko sín wọn bí àwọn baba wa ṣe ń sín owó ẹyọ. Àwọn tiwa ń sín 40 sórí okùn kan. Ní Edo, okùn tó ní owó 96 ni wọ́n ń gbà bí 100, bí okùn náà ò bá ṣáà tíì tú. Tí ẹ bá tú u, 96 ló kù lọ́wọ́ yín. Ohun kan tí wọ́n ń tọ́ka sí pé ó fà á ni pé 96 ṣeé pín sí 2, 3, 4, 6 àti 8 láìṣẹ́kù.

Ní 1708 ìjọba tún dán ọgbọ́n ìgbàanì wò. Hōei Tsūhō jáde, ó fẹ̀ tó mílímítà 37, mon 10 ni wọ́n ní kí wọ́n ná an, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò ju ti ẹyọ 2 àbọ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà 永久世用, pé kí ayé máa lò ó títí láé. Àwọn olùpààrọ̀ owó kọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1709, nígbà tí Shōgun Tsunayoshi kú, wọ́n kó o nílẹ̀. Kò lò tó ọdún kan. Ẹni tó bá rí ìkan tó dára kó rà á, torí kò sí owó míì tí ìgbéraga ìjọba hàn lára rẹ̀ báyìí.

Owó mon 4 ti 1768 ló ṣe é dáadáa. Mílímítà 28, idẹ onísíńkì, ìgbì omi wà lẹ́yìn rẹ̀: 21 ní ọdún àkọ́kọ́, 11 láti 1769. Àwọn onígbì 21 ló wọ́n, nítorí náà ẹ ka ìgbì kí ẹ tó sanwó. Òun náà kò wúwo tó ẹyọ 4, ṣùgbọ́n ó wúlò, ó sì dúró. Iye ọjà gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e: abọ́ soba kan, ìyẹn núdù, wá di mon 16, ìyẹn ẹyọ 4. Wọ́n ní dango, ìyẹ̀fun róbótó tí wọ́n ń fi igi gún, 5 ló máa ń wà lórí igi kan ní mon 5, àmọ́ àwọn oníbàárà tó ń yára á ju owó mon 4 kan sílẹ̀, wọ́n á sì lọ. Ni àwọn ọlọ́jà bá sọ ọ́ di róbótó 4 lórí igi.

Tenpō Tsūhō ti 1835 ni gbogbo èèyàn mọ̀, torí ó gùn bí ẹyin: mílímítà 49 ní gígùn, 32 ní fífẹ̀, gíráàmù 20.6, bàbà 78, òjé 12, tánńganran 10 nínú 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé 當百, mon 100. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìwúwo rẹ̀ kò ju ti Kan'ei 5 àbọ̀ lọ. Ọjà ń ná an ní bíi 80. Owó tó rí báyìí ń pe ayédèrú níjà ni. Àwọn olóyè agbègbè ń dà á ní kọ̀rọ̀, agbègbè Satsuma ní gúúsù ló sì fi tirẹ̀ ṣe jù: ní 1862 wọ́n gba àyè láti da Ryūkyū Tsūhō fún erékùṣù Ryūkyū, wọ́n wá fi ibi ìdàwó yẹn kan náà da Tenpō rẹpẹtẹ. Fún ẹ̀yin tó ń rà, ẹ wo etí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì: òǹtẹ̀ kékeré tó dà bí òdòdó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ti Edo mú, ó sì ṣe kedere. Ti agbègbè máa ń yàtọ̀ ní ìrísí, òun fúnra rẹ̀ sì níye lórí. Tí kò bá sí òǹtẹ̀ rárá, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jìnnà sí gíráàmù 20, ẹ dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ wọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ, gbogbo wọn ló ń jẹ bàbà, àwọ̀ ilẹ̀ tó gba 200 ọdún kó tó jókòó á sì lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Igi ìtayín àti omi ti tó fún ẹrẹ̀. Ewu gidi ni ìpatà ewé tó rí bí lúúlú, tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n tó tún hù. Iyọ̀ ló wọ inú bàbà, ọ̀rinrin sì ń bọ́ ọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ rì í sínú omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì gbà padà, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, ẹ fi asẹ́tóònù gbá omi inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin. Ọ̀rá PVC ń ba wọ́n jẹ́. Àpò oníwèé tí kò ní ásíìdì sàn jù.

Nígbà tí ìjọba Meiji, tó gbapò àwọn shōgun, gbé yen dé ní 1871, wọn ò da àwọn àgbà yìí nù. Kan'ei bàbà di rin 1 (rin 1,000 ló jẹ́ yen 1), ti mon 4 di rin 2, owó Bunkyū Eihō ti 1863 di rin 1 àbọ̀. Tenpō, tó ń pe ara rẹ̀ ní 100, gba rin 8 péré, wọ́n sì fòpin sí i nígbà tí 1891 parí. Kan'ei ṣì jẹ́ owó lábẹ́ òfin títí di ìparí 1953. Nígbà yẹn, yen 5 oníhò ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn fún ọdún mẹ́rin. Idẹ onísíńkì ni, ó ṣì ń jáde títí di òní, bí ẹ bá sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 3.75 ni yóò kà.